Ìpolówó tó wọ aṣọ ìròyìn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kan àpò yín, ó kan ara yín, ó sì kan àwa tí à ń kọ ìròyìn. Bóyá láàárọ̀ yìí gan-an, ẹ ti ka ìpolówó kan lórí fóònù yín tí ẹ rò pé ìròyìn ni. Ó ní àkọlé bí ìròyìn, ó ní àwòrán, ó ní orúkọ akọ̀ròyìn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo tó yẹ kó wà lókè pátápátá: pé ẹni tó ni ọjà náà ló sanwó kí wọ́n tó kọ ọ́.

Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní publi-reportage. Ní èdè wa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìròyìn àfowórà, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ẹni tó ni ọjà, tàbí alárinà tó ń bá a ṣiṣẹ́, á ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ojú ewé ìròyìn: "A ní àpilẹ̀kọ kan, èló ni ẹ máa gbà kí ẹ lè gbé e jáde?" Nígbà mìíràn wọ́n ti kọ ọ́ tán, orúkọ ìwé ìròyìn nìkan ni wọ́n fẹ́ yá. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí akọ̀ròyìn kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó kọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra òun ló lo nǹkan náà, tó sì gbádùn rẹ̀. Owó á wọlé lórí fóònù. Àdéhùn kan sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í fi ṣeré: ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni.

Àdéhùn yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Bí ọjà náà bá dára, tí ọwọ́ ẹni tó ń tà á sì mọ́, kí ló dé tó ń bẹ̀rù kí ẹ mọ̀ pé òun ló sanwó? Ìdí rẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ìpolówó máa ń fura. Á bèèrè ọ̀rọ̀, á ná an, á yí i wò síwá sẹ́yìn. Ẹni tó ń ka ìròyìn kì í fura bẹ́ẹ̀. Ìfura yín yẹn ni olówó fẹ́ rà kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ni ín, àmọ́ akọ̀ròyìn ni wọ́n ń kó owó rẹ̀ fún.

A ò sọ pé ìpolówó burú o. Ta ló fẹ́ kọ́ Yorùbá ní ìpolówó? Ẹ wọ ọjà èyíkéyìí nílùú wa, ẹ ó gbọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ohùn dídùn pe oníbàárà. Ẹni tó ń ta iṣu á ní iṣu òun kò lẹ́gbẹ́ láti Ṣábẹ̀ dé Kútọnù. Ẹni tó ń ta aṣọ á ní bí ẹ bá fọ̀ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún kò ní ṣí. Ta ló bínú sí wọn rí? Gbogbo ayé mọ̀ pé ọjà wọn ni wọ́n ń tà. Ẹ ń gbọ́ ohùn ọlọ́jà, ẹ ń wo ojú rẹ̀, bí iṣu náà bá sì korò lọ́la, ẹ mọ ìsọ̀ tí ẹ ó ti bá a. Bákan náà ni kọmuniké òkú tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹbí ló sanwó kí wọ́n tó kà á, kò sì sẹ́ni tó rò pé rédíò ló jókòó tó ń ṣe ìwádìí bí bàbá náà ṣe jẹ́ èèyàn rere tó nígbà ayé rẹ̀.

Akéde ọba ló yàtọ̀. Bí akéde bá lu agogo nírọ̀lẹ́, tó ní ọba ní kí gbogbo ọkùnrin jáde láàárọ̀ ọ̀la láti ro ọ̀nà odò, ẹnikẹ́ni kì í ná ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ná iṣu. Wọ́n á jáde. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹnì kan tó ń ta ìpara fún akéde lówó lábẹ́lẹ̀. Akéde wá gbé agogo kan náà, ó fi ohùn kan náà kéde pé ìpara báyìí báyìí ni kí gbogbo ìlú máa lò. Ìpara náà lè dára o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìlú bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, agogo yẹn ti di agogo ọlọ́jà nìyẹn. Bí iná bá ń jó oko lọ́jọ́ kejì tí akéde sì ń lù ú kíkan kíkan, ta ni yóò jáde? Iṣẹ́ akéde ni akọ̀ròyìn ń ṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára.

Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ted Murphy dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní PayPerPost. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so àwọn tó ní ọjà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ nǹkan sí ojú ewé ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olówó á sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ, òǹkọ̀wé á kọ ọ́, owó á wọlé. Níbẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò fi dandan lé e pé kí òǹkọ̀wé sọ pé òun gbowó. Ariwo sọ. Àwọn tó ń kà á ní ẹ̀tàn ni, àwọn òǹkọ̀wé mìíràn náà ní ó ń ba gbogbo àwọn lórúkọ jẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ náà yí òfin rẹ̀ padà, ó ní kí ẹni tó bá gbowó máa sọ ọ́. Ní ọdún 2009, FTC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tún ìlànà rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹni tó bá gbowó tàbí tó gba ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó yìn ín gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ kíyè sí i pé ọjà ọ̀fẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní fóònù tuntun kí ẹ lè yìn ín, owó ni, bí kò tilẹ̀ sí ìwé owó kankan tó bọ́ sí yín lọ́wọ́.

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti Google. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí Google ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá wá nǹkan lórí Google, ó ní láti yan ojú ewé tí yóò fi síwájú. Ọ̀kan lára ohun tó máa ń wò ni iye ojú ewé mìíràn tó ń tọ́ka sí i, àti bí àwọn tó ń tọ́ka náà ṣe níyì tó. Ó dà bí àlejò tó wọ ọjà tó ń wá ẹni tó ń ta elùbọ́ tó dára. Bí èèyàn mẹ́wàá bá na ọwọ́ sí ìsọ̀ kan náà, ibẹ̀ ló máa lọ. Àwọn oníṣòwò rí èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún èèyàn kí wọ́n lè na ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ìròyìn àfowórà tí ẹ ń rí, pàápàá ti àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó wà lókè òkun, wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ nítorí tiyín rárá. Ọwọ́ tí ìwé ìròyìn nà sí wọn yẹn ni wọ́n rà, kí Google lè rí i.

Google kórìíra rẹ̀, ó sì máa ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe é. Àmọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2009, wọ́n rí i pé àwọn tó ń bá Google ṣiṣẹ́ ní Jàpáànù ti sanwó fún àwọn òǹkọ̀wé kí wọ́n lè kọ nípa nǹkan Google fúnra rẹ̀. Google tọrọ àforíjì, ó sì rẹ ipò ojú ewé tirẹ̀ ní Jàpáànù sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012 ó tún ṣẹlẹ̀, lórí Chrome. Google ní kì í ṣe ohun tí òun ní kí àwọn alárinà ṣe nìyẹn, síbẹ̀ ó fa ojú ewé Chrome sẹ́yìn fún ó kéré tán 60 ọjọ́. Ẹni tó ṣe òfin ló jẹ̀bi, ó sì fi pàṣán ara rẹ̀ na ara rẹ̀. Ní ọdún 2019, Google gbé àmì kan jáde tí ẹni tó ni ojú ewé lè fi sí ìdí ọ̀nà tó bá jẹ́ ti olówó. Ojú èèyàn kò lè rí àmì yìí, ẹ̀rọ nìkan ló ń rí i. A wá ń bi ara wa pé, ẹ̀rọ Google ní àmì tó ń sọ fún un pé owó wà nídìí ọ̀rọ̀, kí ni ìyá tó ń ka ìròyìn ní Pọ́bẹ̀ ní?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Àwọn ìwé ìròyìn kan ní Kútọnù máa ń kọ Publi-reportage sórí irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe dáadáa. Àmọ́ bí wọ́n bá túmọ̀ àpilẹ̀kọ náà sí Yorùbá, tàbí sí Gùn, tàbí sí Fọ̀n, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn ibẹ̀ ni wọ́n á túmọ̀, wọ́n á sì fi àkọlé kékeré yẹn sílẹ̀ ní Faransé bó ṣe wà. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé Faransé, tó kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní kíláàsì àgbà, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Bí ẹ bá wá gbé àpilẹ̀kọ náà sórí ohùn, tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí kò lè kàwé, kò sí àkọlé kankan mọ́. Ohùn nìkan ló kù. Èdè Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò kò tíì pọ̀, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn wa fi ń gba ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní ọmọ wa ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò mọ èyí ju wa lọ.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, a ò bá àgbo jà. Inú àgbo ni wọ́n ti wẹ̀ wá ní kékeré, àwọn àgbà tó mọ ewé sì wà láàárín wa tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ẹni tí à ń sọ ni ẹni tó ń pọn omi sínú ìgò, tó ń wá akọ̀ròyìn tí yóò bá a kọ ọ́ pé ó ń wo gbogbo àìsàn. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ pè wá. Ó fẹ́ kí a kọ ìròyìn kan pé oògùn òun ń lé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ pátápátá ní ọjọ́ 21. A bi í pé ta ló wò sàn. Ó ní kí a wá ìyá ọlọ́jà kan tó ní ojú rere, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ pé ó ti sàn. Òun yóò fún ìyá náà ní nǹkan, òun yóò sì fún àwa náà. A kọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi rí ìròyìn náà níbòmíràn, pẹ̀lú àwòrán ìyá kan tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó mú kí irú irọ́ yìí pa èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni. Èèyàn lè ní i fún ọdún púpọ̀, kó máa lọ sóko, kó máa lọ sọ́jà, kó máà mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá pa hóró oògùn tí dókítà fún un tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi inú ìgò, ara rẹ̀ yóò ṣì le fún ìgbà díẹ̀. Yóò ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Yóò sọ fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń ga nínú ara rẹ̀ láìpariwo, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò kọ̀ láti gbé. Ìtọ̀ ṣúgà náà rí bẹ́ẹ̀: ojú á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, egbò kékeré lẹ́sẹ̀ kò ní jinná, ìgbà tí wọ́n bá sì gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ni wọ́n á máa sọ pé àwọn fẹ́ gé. Akọ̀ròyìn tó gba owó ìròyìn yẹn kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti ná owó rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn oògùn ni owó. Àwọn tó ti dàgbà tó láàárín yín kò tíì gbàgbé ICC Services. Ilé iṣẹ́ náà gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri Bẹ̀nẹ̀, ó ṣèlérí èlé tí kò sí báńkì kankan tó lè san án, ó sì wó lulẹ̀ ní ọdún 2010. Èèyàn tó ju 100,000 lọ ló kó owó sí i, owó tó sì há síbẹ̀ ju bílíọ̀nù 100 fáránkì séfà lọ. Owó àwọn oníṣòwò wà níbẹ̀, owó àjọ wà níbẹ̀, owó tí àwọn olùkọ́ yá ní báńkì wà níbẹ̀. Kí ló mú wọn gbà á gbọ́? Èlé tí àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gbà ni èyí tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí àwọn olórí ilé iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹni ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rí orúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń rí ìròyìn, wọ́n sì ní bí nǹkan yìí bá jẹ́ irọ́, ṣé wọn ò ní sọ fún wa ni?

Lódì kejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, MMM ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti owó pa mọ́ àwọn èèyàn nínú ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí olúkúlùkù ń múra ọdún. Ohun kan wà nínú ti MMM tó yẹ kí gbogbo òǹkàwé mọ̀: ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ ń gba ìdá 10 nínú 100 lórí owó tí ẹni náà bá mú wá. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ ọ́ sí ojú ewé rẹ̀ pé MMM ti yí ayé òun padà, tó sì fi ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń ka iye èèyàn tó wọlé bí ẹni ń ka ẹja inú àwọ̀n. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó sanwó fún un tààrà. Ẹ̀yin gan-an ni owó rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣì pọ̀ lónìí, wọ́n kàn ń yí orúkọ padà ni. Bí ẹ bá rí ìròyìn tó ń yin ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ní Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní ANSSFD tó ń bojú tó irú wọn. Ẹ bèèrè níbẹ̀ bóyá ó ní àṣẹ kí ẹ tó kó owó àjọ sí i.

Ilẹ̀ náà ń kọ́? Pílọ́ọ̀tì ń ta bí ẹ̀kọ gbígbóná lórí fóònù, wọ́n á ní títì yóò gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́. Ẹ béèrè ìwé, kí ẹ sì wò ó ní ANDF. Ìròyìn kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

Ó yẹ kí a wá sọ òtítọ́ nípa àwa akọ̀ròyìn náà, torí ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan. Ọ̀pọ̀ wa tí a jáde nílé ìwé ìròyìn kò ní owó oṣù gidi. Àwọn kan ń gba owó lórí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn kì í gba nǹkan kan àfi owó ọkọ̀ tí ẹni tó pe ìpàdé bá fi sínú àpò ìwé fún wọn. Ẹni tó bá lo gbogbo ọjọ́ láti lọ wo ọ̀rọ̀ agbẹ̀ àti darandaran lábúlé, ó san owó zémìjàn lọ àti bọ̀, ó ra dátà, ó kọ ọ́, kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan fún un lówó tó pọ̀ ju ti oṣù kan lọ kó kọ ìlà 30 nípa fóònù tí kò rí rí. A mọ bí ó ṣe ń ṣe ní ìdí ikùn. Àwọn àgbà tó máa ń bú ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn pé wọn kò níwà, kí wọ́n bi àwọn tó ni ilé ìròyìn léèrè pé èló ni wọ́n ń san. Síbẹ̀, ebi akọ̀ròyìn kò sọ ìyá tó ń ta gàrí di ẹni tó yẹ kí a tàn. Ebi ń pa òun náà.

Òfin kò ṣaláìsí. Ìwé àdéhùn tí àwọn akọ̀ròyìn Yúróòpù fọwọ́ sí ní Munich ní ọdún 1971, tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé, sọ pé akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tó ń polówó. Àwọn akọ̀ròyìn Bẹ̀nẹ̀ ní ìwé ìlànà tiwọn láti ọdún 1999, wọ́n sì ní ODEM tó ń wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. HAAC wà, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990 ló gbé e kalẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, HAAC pàṣẹ pé kí àwọn ojú ewé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba àṣẹ dáwọ́ dúró. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ nígbà náà, a ò fẹ́ tún un dá. Àmọ́ ìwé àṣẹ tí HAAC fún ojú ewé kan kò lè sọ fún yín ẹni tó sanwó fún àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà níbẹ̀. Ilẹ̀ Faransé lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá gbowó láti polówó ọjà gbọdọ̀ jẹ́ kó hàn kedere pé ìpolówó ni, ẹni tó bá sì rú u lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì kó sì san owó ìtanràn tó tó 300,000 yúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ lé lórí fóònù, Paris ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Paris yóò rí àkọlé, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń wo fídíò kan náà yóò rí i bí ó bá lè ka Faransé.

A kò ní dúró de òfin mìíràn. Àwa tí à ń ṣe ojú ewé yìí nílò owó, a ò ní purọ́ fún yín, a ó sì máa gba ìpolówó. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ìpolówó èyíkéyìí tí a bá gbà yóò ní ọ̀rọ̀ ÌPOLÓWÓ lókè àkọlé rẹ̀, ní lẹ́tà ńlá, ní Yorùbá, kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í dé. Orúkọ ẹni tó sanwó yóò wà níbẹ̀, iye tó san náà yóò wà níbẹ̀. Bí a bá kà á sórí ohùn, ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, a ó sì tún un sọ níparí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Akọ̀ròyìn tó ń kọ ìròyìn kò ní kọ ìpolówó. Ẹni tó ni ọjà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Oògùn tó ní òun ń wo àìsàn, a ò gbà á. Tẹ́tẹ́, a ò gbà á. Owó tó ní òun ń bí owó, a ò gbà á, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Olóṣèlú tó bá fẹ́ kí a kọ nípa òun lásìkò ìbò, kó ṣe nǹkan tó tó ìròyìn.

Àwọn ojú ewé mìíràn lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìròyìn kan tó ń yin ọjà kan, ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni sọ àléébù kan nípa rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà fóònù tàbí ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹni tí wọ́n ní ó jẹ̀rí ní ìlú àti àdúgbò tí èèyàn lè wá a dé. Kí ẹ sì kọ sí wa, kí ẹ bi wá léèrè: ta ló sanwó fún èyí? Ẹ bi àwa náà. A ó máa dáhùn ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Ìpolówó àkọ́kọ́ tí yóò jáde lábẹ́ ìlànà yìí jẹ́ ti obìnrin kan tó ń ta epo pupa àti gàrí. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò jáde. A sọ fún un pé a ó kọ ọ́ sókè pé ó sanwó. Ó ní ṣé ẹnì kan rò pé òun jí i gbé ni? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáránkì ló san.